Ẹrù Wa àti Ẹ̀mí Wa: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọjà Tí À Ń Gbé Sórí Ọ̀kadà

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbò wa ní Bàrígà. Ìgbìmọ̀ ní kí a tẹ̀ ẹ́ jáde kí àwọn tí kò ráyè wá lè rí i kà, kí ẹni tí kò mọ̀wé sì rí ọmọ tí yóò kà á sí i létí.

       

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. N ò kàwé púpọ̀, ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí ojú mi ti rí lọ́jà yìí pọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Ọ̀rọ̀ ẹrù gbígbé ni. Ẹ wo ohun tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ yín. Ata tí ẹ ń tà kò hù ní Bàrígà, Mile 12 ló ti wá. Aṣọ wá láti Ìdúmọ̀tà, nǹkan inú agolo wá láti Òkè-Àrín, àwọn mìíràn ń ra tiwọn ní Ọyìngbò. Kí ọjà kan tó dé ìsọ̀, ó ti gun orí, ó ti wọ ọkọ̀, ó ti gun ẹ̀yìn ẹnìkan. Èrè tí ẹ ń wá, ojú ọ̀nà ni apá kan rẹ̀ máa ń sọnù sí, a kì í sì í kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò wa.

Ibi tó máa ń nira jù kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Danfo á gbé yín láti Mile 12 dé Ọbaníkòró tàbí Onípàánù, kọ̀ndọ́ á já yín sílẹ̀ pẹ̀lú àpò ata méjì, ọkọ̀ á lọ. Ó wá ku ìrìn díẹ̀ sí ìsọ̀ yín. Ìrìn díẹ̀ yẹn gan-an ló ń yọ wá lẹ́nu. Alábàárù ń pe owó gọbọi, oòrùn ti ń mú, oníbàárà ti ń dúró. Ibẹ̀ ni ọlọ́kadà kan á ti yọ láti kọ̀rọ̀, á ní, "Ìyá, ẹ gùn ún ká lọ, mo máa gbé gbogbo ẹ̀." Gbogbo ẹ̀ náà ni yóò sì gbé: ìyá, àpò méjì, ike epo, àti ọmọ tó bá wà lẹ́yìn ìyá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀kadà ti wá fún ẹ̀yin ọmọdé inú wa. Nígbà tí àwa wà lọ́mọge, orí la fi ń ru ẹrù, ọmọlanke ló ń kó èyí tó bá wúwo, mọ́lúẹ̀ àti danfo ló ń kó èyí tó bá ń lọ ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ni alùpùpù tó ń gbé èrò wá pọ̀ káàkiri Èkó. Orúkọ tí a sọ ọ́, ara bàálù ló ti wá. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan wà tó ń jẹ́ Okada Air, Olóyè Gabriel Igbinedion ló dá a sílẹ̀ ní 1983, ó sì fi orúkọ ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ Edo pè é. Àwọn èèyàn wá ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹni tó gun alùpùpù ti wọ bàálù, ó ti fo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá. Ẹ̀fẹ̀ yẹn dùn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bàálù ní bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń de èèyàn mọ́ àga, ó ní àyè tí wọ́n ń kó ẹrù sí, wọ́n sì máa ń wọn ẹrù kó tó gbéra. Ọ̀kadà ò ní ìkankan nínú mẹ́ta yìí.

Ẹ jẹ́ ká wọn ọ́n fúnra wa. Àpò ìrẹsì kan jẹ́ 50 kílò. Ká ní ọlọ́kadà jẹ́ 70 kílò, ká ní ìyá tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ 80. Gbogbo rẹ̀ di 200 kílò lórí táyà méjì tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ tún wá fi ike epo kan há ẹsẹ̀. Bíréèkì tí wọ́n ṣe láti dá èèyàn méjì dúró ni ẹ ní kó dá ilé kan dúró. Bí ajá bá sáré kọjá, bí kòtò bá yọ lójijì, irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ kì í dúró, ńṣe ló máa ń ṣubú.

N ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé láti 2016 sí 2019, jàǹbá ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé wá sí àwọn ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀ nìkan lé ní 10,000, àti pé àwọn tó kú nínú èyí tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ lé ní 600. Èyí tí wọ́n gbé lọ sí ọsibítù àdáni kò sí níbẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ onítọ̀ọ́ egungun kò sí níbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé Igbóbì ò jìnnà sí wa. Ọsibítù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà ogun àgbáyé kejì láti tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́, lónìí ẹni tó jábọ́ lórí ọ̀kadà wà lára àwọn tí wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀ láti to egungun. Ọlọ́jà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló ṣẹ́. Ìsọ̀ á tì fún oṣù mélòó kan, oníbàárà á lọ bá ẹlòmíràn, owó àjọ á dúró, owó ilé ìwé ọmọ á dúró. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi ọ̀kadà pamọ́ fún ọdún kan, ọjọ́ kan ṣoṣo lè gbà á lọ.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ òfin, mo sì fẹ́ kí ẹ tẹ́tí dáadáa nítorí pé àwọn kan ṣì ń sọ pé àwọn ò mọ̀. Ní 2012, nígbà ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, òfin ìrìnnà Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú tún fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Lagos Island àti Lagos Mainland wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 kan náà ló wá kàn wá: wọ́n fi Kòsọ́fẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Múṣin àti Ṣómólú kún un, Bàrígà wa náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ fi ojú inú wo ọ̀nà ọjà wa. Mile 12 wà ní Kòsọ́fẹ́. Ìdúmọ̀tà wà ní Lagos Island. Ọyìngbò wà ní Lagos Mainland. Bàrígà wà lábẹ́ Ṣómólú. Ìyẹn ni pé láti ibi tí ẹ ti ń ra ọjà títí dé ibi tí ẹ ti ń tà á, kò sí ibì kankan tí òfin ti gba ọ̀kadà láyè láti gbé yín. Wọ́n sì ti sọ ọ́ nígbà yẹn pé kì í ṣe ọlọ́kadà nìkan ni òfin yóò mú, ẹni tó jókòó sẹ́yìn náà wà nínú rẹ̀, ó lè já sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Alùpùpù tí wọ́n bá gbà, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ rún un ni. Ẹ bi ara yín léèrè: bí wọ́n bá dá ọ̀kadà dúró, tí ọlọ́kadà bẹ́ sílẹ̀ tó sá wọ àdúgbò, ta ni yóò kù lórí títì? Ìyá tó jókòó ti àpò ata ni. Kò lè sá, nítorí pé owó rẹ̀ ló wà nínú àpò yẹn.

Mo mọ̀ pé a ṣì ń rí ọ̀kadà ní ọ̀nà kọ̀rọ̀ o. Mo sì mọ̀ ìdí tí ẹ fi ń gùn ún. N ò bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tó ti na ọwọ́ sókè sí danfo mẹ́ta tí wọ́n ní "a ò gbé ẹlẹ́rù", ohun tó bá rí ni yóò gùn. Bọ́ọ̀sì BRT tó ń ná Mile 12 sí CMS láti 2008, èèyàn ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe àpò ata. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi ni pé kí a má fi ẹnu lásán sọ pé "ẹ má gun ọ̀kadà", kí a sì má pèsè ohun mìíràn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ pín ọ̀rọ̀ mi sí: àkọ́kọ́, bí a ó ṣe máa gbé ẹrù níbi tí ọ̀kadà ti bófin mu, èkejì, ohun tí a lè ṣe níbí ní Bàrígà kí a má baà nílò rẹ̀.

Ẹ lè ní kí ni mo ń wá nínú ti àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú wa ló ń lọ sí oko ra ọjà. Ẹni tó ń ra gàrí ní abúlé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹni tó ń lọ ra èlùbọ́ ní apá Ọ̀yọ́, ẹni tó ń lọ ra ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Oǹdó, ọ̀kadà ló ń gbé wọn wọ inú oko tí ọkọ̀ ò dé. Ẹni tó bá sì kọjá sí Kútọnu lọ ra ọjà ti mọ àwọn zémíjàn wọn. Níbẹ̀ yẹn, kò sí ọkọ̀ mìíràn nígbà mìíràn. Nítorí náà ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkíní, ẹrù ò gbọdọ̀ wà níwájú ọlọ́kadà. Àpò tí wọ́n bá gbé sórí táǹkì, láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò ní jẹ́ kó lè yí ọwọ́ ọ̀kadà bó ṣe yẹ. Ọ̀nà tààrà ni yóò lè lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko kì í ṣe tààrà.

Èkejì, ẹrù ò gbọdọ̀ wà lórí yín nígbà tí ẹ bá wà lórí ọ̀kadà. Igbá orí tí a ń rù dáadáa nígbà tí a bá ń rìn, atẹ́gùn á gbá a, kòtò á jù ú, ọrùn yín á sì bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má ṣe gbé ẹrù lé itan tí ẹ ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ọwọ́ tó ń di ẹrù mú kò lè di ara mú.

Ẹ̀kẹta, bí ẹrù bá wúwo, ẹ jẹ́ kí ẹrù lọ fúnra rẹ̀, kí ẹ̀yin sì gun òmíràn tẹ̀ lé e. Ọ̀kadà kan fún èèyàn, ọ̀kadà kan fún ẹrù. Owó rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ máa rìn lẹ́yìn ẹrù yín, kì í ṣe níwájú rẹ̀, kí ojú yín lè máa wà lára rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà alùpùpù náà sílẹ̀ kó tó gbéra. Àwọn zémíjàn Kútọnu máa ń ní nọ́ńbà lára ẹ̀wù wọn, ẹ kọ ọ́ síwèé tàbí kí ẹ fi fóònù yà á. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ rí i pé ẹrù ti sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Àìmọye èèyàn ni ọlọ́kadà ti gbé ẹrù wọn sá lọ nígbà tí wọ́n ṣì ń wá owó nínú àpò.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá fẹ́ de ẹrù, ẹ má ṣe lo okùn ike tí ń yọ̀. Okùn rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù táyà ló dára jù, nítorí pé ó máa ń fà mọ́ra bí ẹrù bá jókòó wọlẹ̀. Ẹ dè é ní ìbú àti ní òró. Ẹ mú ẹrù mọ́ra sí àárín, kó má ṣe yọ jáde sí ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Èyí tó wúwo jù ni kó wà nísàlẹ̀. Bí ẹrù bá yọ sẹ́yìn jù, ọ̀kadà á fẹ́ gbé orí sókè nígbà tó bá ń gun òkè. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é, ẹ mì í pẹ̀lú ọwọ́. Bí ẹrù bá mì tí ọ̀kadà ò mì, ẹ tún un dè.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wo aṣọ yín. Ìró àti ìborùn wa yìí, àti ọ̀já ọmọ, ẹnu ṣéènì àti àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà ń wá wọn. Mo mọ ìyá kan tí ìró rẹ̀ wọ inú táyà ẹ̀yìn. Ọlọ́kadà ò tètè mọ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ìró ya kí ara tó ya. Ẹ ṣẹ́ ìró mọ́ ìdí, ẹ ki etí rẹ̀ bọ inú, ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá ń lọ ọ̀nà jíjìn. Páìpù èéfín tó gbóná ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà náà, ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rá ẹrù kàn án.

Ẹ̀kẹfà, àwọn ẹrù kan wà tí kò yẹ kó bá èèyàn gun ọ̀kadà rárá: kẹrosíìnì àti pẹtiróòlù nínú ike, epo gbígbóná, ọmọ lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín ní irin nínú, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀yin alápatà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹran, ọ̀bẹ àti àdá kò gbọdọ̀ wà nínú ọ̀rá lásán. Ẹ fi páálí di ojú rẹ̀, ẹ fi aṣọ yí i, kí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sílẹ̀. Ẹ̀yin aránṣọ, orí ẹ̀rọ ìránṣọ wúwo, ó sì ní ìgun. Inú àpótí onígi ni kó wà, kì í ṣe itan yín. Ẹ̀yin onídìrí tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ ìgbẹrun lọ sí ilé oníyàwó, ẹ gba ọkọ̀. Jẹneréétọ̀ kékeré náà, ẹ fa epo inú rẹ̀ dà sínú ike kan kí ẹ tó gbé e lọ, kí ike epo náà má sì bá a wọ ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú yín.

Ẹ̀keje ni akoto. Ẹ rántí ọdún 2009? Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún yẹn ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà àti èrò tí kò bá dé akoto. Àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Àwọn èrò náà ń bẹ̀rù, wọ́n ní wọ́n lè fi oògùn sínú akoto, wọ́n ní ó lè fún àwọn ní èkúkú lórí. N ò ní bá yín jiyàn lórí oògùn. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù akoto ẹlòmíràn, ẹ ra tiyín, tàbí kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ́ inú rẹ̀ kí ẹ tó dé e. Gèlè ò lè gba orí lọ́wọ́ títì. Ẹ tú gèlè, ẹ so ó mọ́ àpò, ẹ dé akoto. Bí ẹ bá délé, ẹ tún gèlè wé.

Àti pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, a ò ní rí i o, ẹ má ṣe gbé ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ lé orí ọ̀kadà mìíràn. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ní Èkó níbí, 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà tí a ń pè fún pàjáwìrì. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ìsọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo èèyàn kí ẹ tó ṣa ata tó dà sílẹ̀. Ata ń hù lọ́dọọdún.

Ó yá, mo ti dé apá kejì. Kí la lè ṣe ní Bàrígà?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹrù kékeré tí kò ju àpò kan lọ, alábàárù àti bárò ṣì wà, kẹ̀kẹ́ sì wà láwọn àdúgbò tí wọ́n bá ti gbà á láyè. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tí a ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí Buba Marwa, tó ṣe gómìnà ológun Èkó láti 1996 sí 1999, ó ní táyà mẹ́ta àti òrùlé, ẹrù lè jókòó sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹrù, ẹ san owó àyè ẹrù, kí ẹ má fi ẹsẹ̀ há èrò ẹlẹ́gbẹ́ yín. Kẹ̀kẹ́ náà ò gbọdọ̀ gun títì márosẹ̀ bíi Ìkòròdú Road, ẹ má ṣe fi owó tan ọlọ́kẹ̀kẹ́ débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù tajà, tí oníbàárà ń pè yín láti Gbàgádà tàbí Yábàá pé kí ẹ fi aṣọ kan ránṣẹ́, àwọn dispatch wà fún ìyẹn. Ìjọba yọ wọ́n sílẹ̀ nínú òfin yìí, nítorí pé ẹrù ni wọ́n ń gbé sínú àpótí, wọn kì í gbé èrò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹrù wà nínú àpótí tó ní ìdérí, àpótí wà lórí irin tí wọ́n dè mọ́ ọ̀kadà, kò sì sí ẹni tó jókòó lé e. Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹni tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà ni ẹ gbé ọjà fún, kì í ṣe ọlọ́kadà tó kàn so àpótí mọ́ ẹ̀yìn.

Èyí tó tóbi jù ni ẹrù ọjọ́ ọjà, àwọn àpò ata, apẹ̀rẹ̀ tòmátì, àpò ìrẹsì àti àpò gàrí. Níbí ni mo ti fẹ́ kí a fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Lójoojúmọ́, ẹ̀yin aláta márùn-ún tàbí mẹ́fà láti ìlà kan náà ń jáde lọ sí Mile 12 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ń san owó danfo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ń san owó alábàárù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ sì ń wá ọ̀kadà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Àpẹẹrẹ lásán ni o, iye owó ń yí padà, ẹ fi ti ọjọ́ náà sí i. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ná ₦4,000 lórí ẹrù rẹ̀ láti Mile 12 dé ìsọ̀. Ẹni márùn-ún, ₦20,000 nìyẹn. Bí a bá rí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó gbà láti kó gbogbo rẹ̀ ní ₦15,000, ₦3,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti jèrè ₦1,000, ẹrù dé ẹnu ìsọ̀, ẹsẹ̀ pé, ọkàn balẹ̀, ọlọ́pàá ò sì ní dá yín dúró nítorí ọ̀kadà.

Ẹnìkan nínú yín á ní, "Akọ̀wé, ẹrù á papọ̀ mọ́ra." Kò ní papọ̀ bí a bá sàmì sí i. Kí olúkúlùkù ní àwọ̀ okùn tirẹ̀, kí ó fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ̀ sára àpò. Ẹlòmíràn á ní, "Bí ẹnìkan bá pẹ́ ńkọ́?" Ẹ dá aago, ẹni tó bá pẹ́, ọkọ̀ á lọ. Ẹlòmíràn á ní, "Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà?" Ẹ má ṣe san gbogbo owó ṣáájú, ẹ san ìdajì, kí ẹnìkan nínú yín sì bá ẹrù wọkọ̀. Ẹ máa yí i ká, lónìí ẹ̀yin, lọ́la ẹlòmíràn. A ti ń ṣe àjọ owó láti ọjọ́ tó ti pẹ́, a mọ bí a ṣe ń fọkàn tán ara wa. Àjọ ẹrù ni mo ń pe èyí.

Ìyálọ́jà wa, ohun mẹ́ta ni mo ń dá lábàá kí ilé tó tú ká. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan tí yóò máa kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ lọ ra ọjà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kí ẹgbẹ́ bá awakọ̀ akẹ́rù bíi mélòó kan sọ̀rọ̀, kí a gba nọ́ńbà wọn àti nọ́ńbà ọkọ̀ wọn sínú ìwé ẹgbẹ́. Kí a sì bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa kí wọ́n fún wa ní àyè kan nítòsí ọjà tí ọkọ̀ akẹ́rù lè ti já ẹrù ní òwúrọ̀, láìsí pé àwọn agbèrò ń gba owó lọ́nà mẹ́ta lórí ẹrù kan. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹnu ẹnìkan ò tó o. Ẹnu ẹgbẹ́ ló tó o.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin àbúrò, mo mọ̀ pé ẹ̀mí ìkánjú ló ń gbé wa gun ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Oníbàárà tó ń dúró á dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Àwọn ọmọ tó ń dúró dè wá nílé, àwa fúnra wa ni wọ́n ń retí.

Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ mi níbí. Kí ẹ̀yin aláta, ẹ̀yin onígàrí àti ẹ̀yin onírẹsì wá kọ orúkọ yín kí ẹ tó kúrò. Ẹni tí kò lè kọ, kó sọ ọ́, èmi ó bá a kọ ọ́. Ọ̀nà á là fún wa. A ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. A ó máa jáde, a ó máa wọlé, ẹrù wa ò ní sọnù, ara wa ò sì ní sọnù. 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́